Óòtì Àmọ́jú àti Àwọn Èso Tó Ṣàjèjì Sí Wa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Láàárín wákàtí kan yẹn, ọmọ kan ń wá ìbọ̀sẹ̀, omi ń hó lórí iná, ẹnìkan ti ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ sínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pèsè oúnjẹ àárọ̀ mi lálẹ́, tí mo ń gbé e dání nínú ike onídèérí. Nígbà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ kọ́kọ́ rí i, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin màmá, ẹ̀kọ wo lẹ tún gbé dé yìí?" Ọjọ́ tí mo gbé èyí tó ní àgbálùmọ̀ lórí dé ni yẹ̀yẹ́ di ìbéèrè. Àwọn ìbéèrè náà nìwọ̀nyí.

Kí ni óòtì àmọ́jú gan-an?

Óòtì (oats) ni o, kì í ṣe ọtí. Ìyá mi àgbà gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní ta ló kọ́ mi ní ọtí mímu láàárọ̀.

Óòtì tí a rẹ sínú mílíìkì tàbí omi lálẹ́ ni, tí a kò gbé kaná rárá, tó sùn sínú fíríìjì, tí a wá jẹ ní tútù nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Bí omi ṣe ń wọ inú rẹ̀ lóru ló ń rọ̀ tó sì ń ki, bí ìgbà tí gàrí bá wú nínú ife. Kì í ṣe àṣà tí àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì dá sílẹ̀ o. Ní nǹkan bí ọdún 1900, dókítà kan ní Zurich ní orílẹ̀-èdè Switzerland, Maximilian Bircher-Benner, ti ń fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní irú rẹ̀. Ṣíbí óòtì kan péré ló ń rẹ sínú omi ṣíbí mẹ́ta mọ́jú. Ní àárọ̀, a rin ápù tó tó 200 gíráàmù sí i, a fún ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù lé e, a fi mílíìkì kíki aládùn ṣíbí kan àti ẹ̀pà òyìnbó lílọ̀ kún un. Ẹ wò ó dáadáa: èso ni ọ̀gá nínú abọ́ yẹn, óòtì kàn bá a kẹ́gbẹ́ ni. Àwa ti yí i po lónìí. Óòtì á kún ike dé ẹnu, ègé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta á wá jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni tó wá ṣe àlejò.

Bẹ́ẹ̀ àwa náà kì í ṣe àjèjì sí oúnjẹ tí à ń rẹ sílẹ̀. Ẹni tó ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó lọ̀ ọ́ di ògì, tó tún ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé eéran sílẹ̀ de àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí lẹ fẹ́ fi óòtì àmọ́jú kọ́ ọ?

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìdajì ife óòtì (nǹkan bí 40 gíráàmù), ìdajì ife mílíìkì olómi, ṣíbí yógọ́ọ̀tì méjì tí kò ní ṣúgà, iyọ̀ ìyọwọ́ kan. Mo máa ń fi fọ́ọ̀kì tẹ ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n rokoṣo sí i, òun ni ṣúgà mi. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bó bá le jù láàárọ̀, ẹ fi mílíìkì díẹ̀ là á. Ẹ má ṣe gbàgbé iyọ̀ yẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, tí wọ́n á sì máa ní óòtì ò dùn.

Ẹni tí mílíìkì ń dà láàmú nínú lè fi omi àgbọn tí a lọ̀ tí a sì fún, tàbí omi ọ̀fíò, rọ́pò rẹ̀. Ti ọ̀fíò dùn ju ti mílíìkì lọ lẹ́nu tèmi.

Óòtì wo ni kí n rà?

Nílé wa nígbà èwe mi, "Kúékà" ni gbogbo óòtì ń jẹ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀. Àmọ́ wọ́n yàtọ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tí ojú hóró rẹ̀ ṣì pé ló dára jù fún rírẹ mọ́jú. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kó lè tètè jinná lórí iná wọ́pọ̀ gan-an lọ́jà wa, ṣùgbọ́n bó bá sùn mọ́jú, ó lè dà bí ògì tó dì. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ dín mílíìkì kù, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá jí. Kó tó wákàtí kan, ó ti ṣeé jẹ. Èyí tí wọ́n fi irin gé sí hóró kéékèèké, tó dà bí ìrẹsì tó fọ́, le. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìkòkò.

Ṣé kì í ṣe óòtì tútù là ń jẹ báyìí, tí kò jinná?

Rárá. Wọ́n ti fi ooru omi gbígbóná sè é nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, torí bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ á yára bàjẹ́, á sì máa korò. Omi nìkan ló kù tí ó ń wá.

Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn, torí òun ló lè mú kí inú yín run.

Mílíìkì àti ooru kì í ṣọ̀rẹ́. Láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i kíákíá, yàrá wa sì wà láàárín méjèèjì tọ̀sán tòru. Òfin tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń tẹ̀ lé ni pé oúnjẹ oní-mílíìkì kò gbọ́dọ̀ wà níta fíríìjì ju wákàtí méjì lọ. Bí ooru bá lé ní 32, wákàtí kan péré ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fi óòtì olómi mílíìkì sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú lóṣù kẹta, tó wá ní "ó kàn kan díẹ̀ ni," ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ohun tí èmi ń ṣe bí kò bá sí iná nìyí. Lálẹ́, mo máa ń da óòtì gbígbẹ, mílíìkì oníyẹ̀fun, iyọ̀ àti àgbọn gbígbẹ pọ̀ sínú ike, láìsí omi kankan níbẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sóhun tí yóò ṣe é. Bí mo bá jí, mo da omi mímu sí i, mo dé e, mo lọ wẹ̀. Kí n tó dé ibi iṣẹ́, ó ti rọ̀. Ẹni tó bá ní kúlà lè kó yìnyín sí i kó gbé ike sáàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín náà gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ da óòtì náà nù.

Ẹ má sì fi wé ògì. Omi ìkan ògì ni àwọn kòkòrò rere ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ di kíkan débi pé àwọn búburú kì í lè gbé ibẹ̀. Mílíìkì tó bàjẹ́ lásán kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ló lè lò nínú fíríìjì?

Ọjọ́ mẹ́ta, ó pẹ́ tán mẹ́rin. Èmi máa ń ṣe ti ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Yàtọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo tẹ̀ sí i, èso kì í wọ inú rẹ̀ títí di àárọ̀ tí màá jẹ ẹ́.

Mo fi ọ̀pẹ òyìnbó sí tèmi, ó korò lọ́jọ́ kejì. Kí ló fà á?

Ó ti ṣe èmi náà rí, odidi ike mẹ́rin, mo sì kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan ẹni tó ta yógọ́ọ̀tì fún mi. Mo jẹ ìyá náà ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Nínú ọ̀pẹ òyìnbó tútù ni nǹkan kan wà tó ń já èròjà amáradàgbà inú mílíìkì sí wẹ́wẹ́, òun kan náà tó máa ń ta ahọ́n wa bí a bá jẹ ẹ́ jù. Bí ó bá bá mílíìkì sùn, mílíìkì á ṣàn, á sì korò. Ìbẹ́pẹ ní irú tirẹ̀, òun ló fà á tí àwọn ìyá wa fi ń fi ewé rẹ̀ tàbí èyí tí kò tíì pọ́n sè ẹran tó le. Kíwì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wọ́n sí i láàárọ̀, tàbí kí ẹ sè wọ́n díẹ̀ lórí iná ṣáájú, torí iná máa ń pa agbára yẹn.

Èso wo ló bá a mu jù? Ápù àti gírépù ti sú mi.

Ó yẹ kó sú yín. Ọ̀nà jíjìn ni ápù ti wá, ẹ sì ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ibi tí àwọn ọmọ ìlú ńlá kì í wò mọ́.

Àgbálùmọ̀ ni àkọ́kọ́. Láti ìgbà ọyẹ́ títí di nǹkan bí oṣù kẹrin ló máa ń wà. Ẹ má ra èyí tí ara rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé tàbí tó le bí òkúta. Èyí tó pọ́n tó bọ́ fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi ló dùn, ó máa ń rọ̀ díẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Là á sí méjì, kó hóró rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ṣíbí ha ẹran ara rẹ̀ àti omi rẹ̀ sínú abọ́. Ẹ má gé èèpo sí i: oje rẹ̀ ni àwa ọmọdé máa ń jẹ di ṣingọ́ọ̀mù, á sì lẹ̀ mọ́ ètè àti ike yín. (Epo díẹ̀ ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́, ọṣẹ nìkan kì í tó.) Ìkan rẹ̀ lágbára, nítorí náà ṣíbí oyin kan àti àgbọn rírin ni mo fi ń bá a rìn. Àgbálùmọ̀ tó kan pẹ̀lú óòtì tó ní àgbọn: kò sí ápù tó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyeyè ni ìkejì, nígbà òjò. Kóró rẹ̀ tóbi, ẹran ara rẹ̀ tín-ín-rín, kò ṣeé gé. Ẹ fi omi fún un, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi omi náà rẹ óòtì dípò mílíìkì. Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni igi yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Bahia ní Brazil, cajá ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi ṣe omi èso àti áìsìkiríìmù. Ní Cuba, jobo ni. Ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí ní Salvador, kó ní kí wọ́n ra cajá fún òun mu, kó wo bóyá kò ní rántí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀.

Àwìn ni ìkẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé èèpo dúdú rẹ̀ dà bí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ẹran ara inú rẹ̀ sì gbẹ, ó pọ́n bí òdòdó. Ẹ bó o, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ á dùn, á tún kan. Ẹ dà á lé orí óòtì bí ọbẹ̀.

Àgbáyun ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ló ń sọ ìkan di adùn?

Lóòótọ́ ni, kì í ṣe idán. Èso pupa kékeré ni, hóró kan ló wà nínú rẹ̀. Adùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í yí ahọ́n ká fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, adùn ni yóò dà. Èròjà amáradàgbà kan ló wà nínú rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n ti ń tọ́ adùn wò. Bí ohun kíkan bá dé, á jí i. Wọ́n ń pè é ní miraculin, ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ó lè tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kúrò.

Àwọn baba wa kò dúró de 1968. Ní 1725, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ des Marchais ti rí àwọn ará etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ kí búrẹ́dì àgbàdo tó ti kan àti ẹmu tó ti kan lè dùn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ o: oúnjẹ àgbàdo kíkan. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo dá tèmi sílẹ̀. Bí mo bá rí àgbáyun, mo máa ń jẹ ẹyọ kan, mo wá jẹ óòtì tí mo fi yógọ́ọ̀tì kíkan àti ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ, láìsí ṣúgà, láìsí oyin. Àwọn ọmọ mi rò pé mo fi nǹkan sí i. Ẹ má sè é o, iná ń pa á. Kì í sì pẹ́ kó tó bàjẹ́ bí a bá ti já a, nítorí náà ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́.

Èyí tó sún mọ́ ọn ni èso ewé eéran, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Nísàlẹ̀ ewé náà, nítòsí ilẹ̀, èso pupa kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí rí. Èròjà thaumatin inú rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Òun ni wọ́n ń kọ ní E957 sára àpò oúnjẹ ní Yúróòpù. Ewé là ń rà, a kì í béèrè ọmọ rẹ̀.

Ṣé mo lè fi iṣin sí óòtì mi?

Ẹ má ṣe é.

Iṣin dùn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èso àfiṣeré. Bí èèpo pupa rẹ̀ kò bá tíì la fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé tó wà nínú rẹ̀, hypoglycin, lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí èèyàn á máa bì, á dákú, á tilẹ̀ kú. Ẹran funfun nìkan là ń jẹ, a ó sì yọ fọ́nrán pupa tó so mọ́ ọn kúrò. Hóró dúdú rẹ̀ kò ṣeé jẹ láé. Àwọn ará Jàmáíkà, tí wọ́n fi í ṣe èso orílẹ̀-èdè wọn, máa ń sè é pẹ̀lú ẹja oníyọ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì náà, William Bligh, tó gbé e lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1793, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé: Blighia. Bligh yìí kan náà ló gbé gbẹ̀rẹ̀fúùtù láti Tahiti lọ sí Jàmáíkà, igi tí àwọn ará Ifẹ̀ náà mọ̀ bí ẹni mọ owó.

Litchi tó ń wọlé sí ilé ìtajà ńlá báyìí, ẹbí kan náà ni òun àti iṣin. Èyí tó pọ́n kò burú, ṣùgbọ́n kí ọmọdé má ṣe fi ikùn òfìfo jẹ ẹ́ yó.

Ṣé dragon fruit tọ́ sí owó tí wọ́n ń tà á?

Fún ojú, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹnu, kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ra ẹyọ kan lówó tó lè ra ọ̀pẹ òyìnbó ńlá mẹ́ta, mo gé e pẹ̀lú ìrètí, ó dà bí omi tí ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ ṣúgà létí rẹ̀. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó jẹ́ ẹbí cactus ni, alẹ́ ni òdòdó rẹ̀ máa ń tanná. Èyí tí inú rẹ̀ pupa ló ṣe díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ gbà. Passion fruit ni kí ẹ fi owó yín ra: ẹ bù ú sí méjì, ẹ yí i dà sórí óòtì pẹ̀lú kóró rẹ̀, ó tán.

Mo wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò rí àgbálùmọ̀ nígbà gbogbo. Kí ni mo lè lò?

Ẹ wọ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àtúnṣe-ara, ẹ béèrè ìyẹ̀fun baobab. Igi osè wa ni. Àjọ Yúróòpù gbà á wọlé bí oúnjẹ tuntun ní 2008. Tuntun fún ta ni, ẹ má bi mí. Ṣíbí kékeré kan tó fún abọ́ kan. Ó kan, ó sì ń mú kí óòtì ki sí i, nítorí náà ẹ fi mílíìkì díẹ̀ kún un.

Mo ní àtọ̀gbẹ (tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àìsàn kíndìnrín). Ṣé mo lè jẹ ẹ́?

Óòtì fúnra rẹ̀ kò burú. Okùn oúnjẹ (fáíbà) kan tó máa ń yọ́ nínú omi wà nínú rẹ̀, beta-glucan, tí àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gbà láti 1997 pé 3 gíráàmù rẹ̀ lójúmọ́ lè ṣèrànwọ́ láti dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. 40 gíráàmù óòtì ní nǹkan bí 2 nínú rẹ̀. Oyin, mílíìkì kíki aládùn àti dàbínò tí ẹ ń kó lé e lórí ni kí ẹ bẹ̀rù.

Èso ló nílò ìṣọ́ra. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan carambola, èyí tó ní ojú máàrún bí ìràwọ̀ bí a bá gé e. Ó lè ba ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́. Gírépùfúrúùtù, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀, sì máa ń da àwọn oògùn kan rú, pàápàá àwọn kan lára oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ fi orúkọ oògùn yín han oníṣègùn kí ẹ tó ra á.

Ọmọdé ńkọ́?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin, bó ti wù kó kéré tó. Kóró àwìn àti ti àgbálùmọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́ ọmọ kékeré, ó lè há a lọ́fun. Ẹ̀yin tí wọ́n sọ fún nígbà kan pé igi á hù níkùn yín bí ẹ bá gbé kóró mì, èyí kì í ṣe irú ìyẹn.

Bàálé mi ní òun ò lè jẹ nǹkan tútù láàárọ̀, ó ní kò yàtọ̀ sí oúnjẹ òkú àná.

Ẹ má bá a jà. Ẹ da tirẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi omi díẹ̀ kún un, kó gbóná fún ìṣẹ́jú méjì lórí iná wẹ́rẹ́. Ó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní pẹ́. Èso kò gbọ́dọ̀ bá a lọ sórí iná o, ẹ fi lé e lórí lẹ́yìn tí ẹ bá ti bù ú sínú abọ́. Ti ilé tèmi, ẹ̀pà sísun àti ata ilẹ̀ díẹ̀ ló ń béèrè, kì í sì í pè é ní óòtì. Ó ń pè é ní ògì àwọn Gẹ̀ẹ́sì.